Sí Tawfiq, Lórí Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀sì Tí Ó Fẹ́ Sọ Di Ilé

Agboolé Olóbì,
Màkún, Ṣàgámù.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Tawfiq ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbélé, mo sì kí onílé yín náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní èèyàn burúkú ni. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ jí bá ohun tí ẹ kò bá sùn. Ọ̀nà tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, òun náà ni yóò máa gbé yín padà wálé ní pípé. Bí o bá ti ṣe àmín tán, jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Èmi Sàfúrátù, ìyá bàbá rẹ, ni mò ń sọ̀rọ̀, Tíṣà Oyèbọ̀dé tó háyà yàrá iwájú ló ń kọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń san owó ilé lásìkò, àmọ́ tó máa ń hanrun lọ́sàn-án. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bu iyọ̀ sí i, kó má sì bu omi sí i. Ó ní òun yóò tún Rẹ́mọ ẹnu mi ṣe di Yorùbá inú ìwé kí ìyàwó rẹ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì lè gbọ́ ọ. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tí mo ti bú ọ, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà ni pé o pa fóònù mọ́ mi létí, láti ọjọ́ náà, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, o kò gbé ìpè mi. Bí mo bá pè ọ́, obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn. Mo kí i, kò kí mi padà. Mo rán an níṣẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dá mi lójú pé kò jẹ́ ẹ, nítorí ohun kan náà ló ń wí ṣáá bí ẹni tí wọ́n fi búra. Yésúfù bàbá rẹ kékeré ní kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ni. Mo ní ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí wọ́n bá fi sẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́. Lẹ́tà ló dára jù. Kò sẹ́ni tó lè pa lẹ́tà mọ́ èèyàn létí. Bí o bá tilẹ̀ ká a sápò, yóò dúró dè ọ́ níbẹ̀.

Ilé wà dáadáa. Hàmdálátù ọmọ Yésúfù ti bímọ, obìnrin ni, orí rẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní yóò padà bọ̀ sípò. Òjò ti wó ògiri ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn, ẹni tó bá ń wẹ̀ níbẹ̀ báyìí ní láti máa kí àwọn tó ń kọjá, kí wọ́n má bàa sọ pé ó gbéraga. Obì ọdún yìí kò burú, àmọ́ kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀, à ń ṣà á títí ojú fi ń ta wá. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí. Má wulẹ̀ béèrè, ohun tí ẹsẹ̀ tó bá ti rìn tó báyìí máa ń ṣe nìyẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí o kọ́kọ́ pè mí pé o fẹ́ ra bọ́ọ̀sì gígùn àlòkù, irú èyí tó ń kó èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn, pé o máa yọ àwọn àga inú rẹ̀ dànù, o máa gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, àti sítóòfù, àti omi ẹ̀rọ, àti ilé ìwẹ̀, pé ìwọ àti ìyàwó rẹ yóò máa gbé inú rẹ̀, ẹ óò sì máa wà á kiri ìlú, èmi rò pé onílé ti lé yín jáde ni, tí ojú sì ń tì ọ́ láti sọ. Mo ní kí Yésúfù wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń ṣe, pé ilé ni, ọkọ̀ sì ni. Mo ti rí ilé tó di ṣọ́ọ̀bù, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó di mọ́ṣáláṣí, àmọ́ n kò tíì rí ilé tí táyà rẹ̀ lè jò. Mo bi í pé bí àlejò bá dé tí kò bá ilé níbi tó fi í sí ń kọ́? Ó ní wọn yóò pè yín lórí fóònù. Mo ní fóònù tí ẹ kì í gbé yẹn? Mo bi í pé ìdọ̀tí ilé ìwẹ̀ yín ń kọ́, ojú títì márosẹ̀ ni ẹ óò máa dà á sí ni? Yésúfù ní òun kò tíì béèrè ìyẹn. Ẹni tó ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún.

Ṣùgbọ́n o ní ọdún mẹ́rin ni o fi kó owó náà jọ, o ní ọdọọdún ni onílé yín ń fi owó kún owó, pé bí o bá ti ra èyí, kò sí ẹni tí yóò tún kan ilẹ̀kùn mọ́ ọ lórí owó ilé láyé. Ìyẹn yé mi. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò yé e, kò tíì háyà ilé rí. Tíṣà náà ń mi orí níbí.

O ní o ti rí bọ́ọ̀sì náà lórí fóònù, pé nítòsí wa gan-an ló wà, lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì níbi Íńtáṣéńjì, pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Afọláyan ló ń tà á. O fi owó náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi pé kí n gbà á jáde, kí èmi àti Yésúfù lọ wo bọ́ọ̀sì, bó bá dára kí a sanwó kíá kí ẹlòmíì má bàa gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Yésúfù. Mo wò ó. Ó ń dán. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo ti ń ra obì, mo sì mọ̀ pé obì orí apẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí obì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Orí apẹ̀rẹ̀ ni fọ́tò.

Owó gbígbà ní báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ ohun kan tó ń tan iná pupa. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kò rí mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ní kò tíì rí mi. Mo ní èmi nìyí lójú ẹ, ìwọ ṣáà ń rí mi, sọ fún un. Ó ní àtàǹpàkò mi kò ní ilà mọ́. Òótọ́ ló sọ, ibi tí mo ti ń bó obì ni mo bó gbogbo ilà náà sí. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan wá, ó bi mí pé ta ni yóò gba owó mi bí n kò bá sí mọ́. Mo ní kò tíì kan báńkì. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀, ó fẹ́ kọ Yésúfù. Mo ní kó má dán an wò, bí Yésúfù bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, yóò máa yọjú wò mí láràárọ̀ bóyá mo jí. Nígbẹ̀yìn ni ọ̀gá wọn jáde, ó sì dá mi mọ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo ti ń ra ewé tí a fi ń bo obì láti ọdún pípẹ́. Ìyá rẹ̀ ni àtàǹpàkò tó ṣiṣẹ́.

Kí a tó lọ wo bọ́ọ̀sì, mo ṣe gbogbo ohun tí a máa ń ṣe níhìn-ín bí a bá fẹ́ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo ṣáà sọ pé ilé ni. Mo mú Yésúfù gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, mo mú Tíṣà gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, mo di gbàǹja méjìlá sínú ewé, mo sì ra mínírà páálí kan. Yésúfù ní Màmá, ọkọ̀ kọ́ là ń lọ wò ni, kí ni obì ń wá níbẹ̀? Mo ní kó gbé mínírà.

Afọláyan ti ń dúró dè wá. Ó wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Bọ́ọ̀sì náà tóbi lóòótọ́, wọ́n ti kùn ún ní búlúù àti funfun, ó ń kọ mànà. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, òórùn lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ jáde kí wa. Ó fi àga hàn wá, ó fi fèrèsé hàn wá, ó ní tòkunbọ̀ ni, ó ní àwọn arúgbó òyìnbó nìkan ló ń jókòó nínú rẹ̀ níbi tó ti wá, àwọn tí kì í fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Yésúfù ti bọ́ sórí àga dírẹ́bà, ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo bi Afọláyan pé ẹbí wo ló ni ilé yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Mọ́mì, bọ́ọ̀sì ni. Mo ní ìwọ lo sọ fún ọmọ mi pé yóò ṣeé gbé bí ilé, èwo nínú méjèèjì lò ń tà? Ó ní méjèèjì. Mo ní ó dára, a ó kọ́kọ́ rà á bí wọ́n ti ń ra ilé, bó bá kù, a ó wá rà á bí wọ́n ti ń ra ọkọ̀.

Yésúfù rántí ara rẹ̀ díẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Afọláyan ní wọ́n ti gbé bátìrì lọ ṣáàjì, lọ́la ni yóò dé, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó ní agogo mẹ́rin òní, kí a má sọ pé òun kò sọ fún wa. Ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò pẹ́ ni fóònù Yésúfù dún, ìwọ ni. O ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó fún wọn, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì ni o, kì í ṣe ilẹ̀, ẹ má dójú tì mí lójú àwọn èèyàn. Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Ó dà bí ẹni pé o kò tíì ra ilẹ̀ rí, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ hàn ọ́, o kì í bi ẹni tó ń tà á pé ṣé tirẹ̀ ni. Kí lo fẹ́ kó sọ? Àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà lò ń pè, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. O fún wọn lóbì, o sì bi wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn pé ta ni wọ́n mọ̀ síbẹ̀, àti pé ta ló ti dé ṣáájú rẹ. Ẹni tó bá ti jẹ obì rẹ kò ní fẹ́ parọ́ fún ọ, torí lọ́jọ́ tí irọ́ náà bá tú, òun náà yóò wà níbẹ̀, ìwọ náà yóò wà níbẹ̀, ẹ óò sì máa ríra láràárọ̀ títí ayé.

Títì ló wà níwájú bọ́ọ̀sì yìí, igbó ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì lẹ́nu. Ó ku ọ̀tún àti òsì. Lọ́tùn-ún ni Àjàyí wà, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà. Lósì ni Modúpẹ́ wà, obìnrin tó ń din ọ̀jọ̀jọ̀. Mo ránṣẹ́ pè wọ́n. Afọláyan ń rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ bá mi pè wọ́n, ó ní kí wọ́n wá jẹ obì ìyá àgbà. Mo la obì, Yésúfù ṣí mínírà. Mo bi Àjàyí léèrè. Àjàyí jẹ obì, ó mu mínírà, ó wolẹ̀, ó ní òun mọ bọ́ọ̀sì náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi Modúpẹ́. Ó ní òun náà mọ̀ ọ́n, bọ́ọ̀sì dáadáa ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fi ṣe rere. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kúnlẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, bí ẹ bá ti rà á tán, ẹ má tíì gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní nítorí kí ni. Ó ní adìyẹ òun ló ń sàba nínú rẹ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pa. Mo ní níbo nínú rẹ̀. Ó ní níbi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀.

Tawfiq, mo gbé obì sílẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo ní kí Yésúfù ṣí ilẹ̀kùn irin tó wà níbẹ̀. Adìyẹ pupa kan ló wà nínú rẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó wò wá bí ìyàwó ilé tí wọ́n já lù láìkanlẹ̀kùn. Ẹyin mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò sí. Modúpẹ́ ní láti ìgbà ààwẹ̀ ni wọ́n ti tú u lọ, òun rò pé a mọ̀ ni, nítorí wọ́n ní ilé la fẹ́ fi í ṣe, kí sì ni ilé fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣe? Òótọ́ ló kúkú sọ. Ilé wa ní Màkún kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà yẹn ni obì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára Àjàyí. Mo tún bi í pé ta ló ti dé ṣáájú wa. Ó ní Màmá, kò sẹ́ni tó gbé obì wá rí, àmọ́ àwọn tó gbé owó wá ti pé mẹ́ta. Ó ní pásítọ̀ kan fẹ́ fi í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan láti Ìlíṣàn fẹ́ fi í ṣe yàrá tí yóò máa háyà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọkùnrin kan fẹ́ máa ta búrẹ́dì nínú rẹ̀, olúkúlùkù wọn ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Afọláyan ní irọ́ ni. Mo ní kó pe ọ̀kan nínú wọn kó wá bá wa sọ pé irọ́ ni. Ó ní fóònù òun ti kú. Fóònù tó fi bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ń lọ ṣáàjì rẹ̀, ó fò sórí ọ̀kadà, bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó rẹ̀ kan jábọ́, kò padà wá mú un. Tíṣà ní kí n má sọ̀rọ̀ bàtà, pé kò bá ọ̀rọ̀ mu. Mo ní kó kọ ọ́.

Lórí ọ̀kadà yẹn ló ti pè ọ́, tó sọ fún ọ pé ìyá rẹ wá dìjà sílẹ̀ lọ́jà òun, pé mo gbé obì kan tí òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ wá. Ohun tó wà nínú obì ni obì. O pè mí, o pariwo, o ní mo ti ba ilé rẹ jẹ́ kí o tó kọ́ ọ, o ní ayé àtijọ́ ni mò ń gbé, o sì pa fóònù. O kò jẹ́ kí n dé ibi adìyẹ. Tíṣà ti kọ ọ́ pé n kò bínú, mo ní kó pa á rẹ́. Mo bínú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bínú, ní ọjọ́ kẹta mo ní obì láti ṣà.

Ó wá ku owó rẹ lọ́wọ́ mi. N kò lè dá a padà sí báńkì, àtàǹpàkò kò tíì hu ilà. Ìwọ kò gbé fóònù. Ní Sátidé, Modúpẹ́ wá sí agboolé wa láti wá dúpẹ́ obì àti láti sọ fún mi pé adìyẹ ti pa mẹ́sàn-án, méjì kò yọ. Nígbà tó rí i bí mo ṣe jókòó, ó ní àbúrò ìyá òun kan wà ní Ìlárá Rẹ́mọ, Hussainat, tí ọkọ rẹ̀ ń fi bọ́ọ̀sì gígùn kó àwọn olùkọ́ lọ síbi iṣẹ́ kó tó di olóògbé. Ó ti tó ọdún kan tí bọ́ọ̀sì náà ti wà lẹ́yìn ilé wọn. Mo ní ṣé ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Ó ní kò sí adìyẹ níbẹ̀.

A lọ sí Ìlárá. Mo tún di obì, mo tún ra mínírà. Tíṣà ní ààlà nìkan kò tó, kí a mú mẹkáníìkì dání, mo sì gbà fún un, torí aládùúgbò lè mọ olówó ọkọ̀, kò lè mọ àìsàn ọkọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ààlà tibí yìí ní ẹnu. Mẹ́ta ní ti Hussainat àti ọkọ rẹ̀ ni, àwọn kò mọ ẹlòmíì síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́, jẹ obì tirẹ̀ pẹ́ títí, ó wá ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó kù díẹ̀: àkọ́bí olóògbé tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tíì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ohun ìní bàbá òun. Hussainat bú sẹ́kún, ó ní òun kò fẹ́ fi pamọ́, ẹ̀rù ọmọ ọkọ òun ló ń ba òun. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, ẹkún kì í fọwọ́ sí ìwé. A dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọkùnrin náà dé, ó sọ ọ̀rọ̀ burúkú díẹ̀ bí àwọn àkọ́bí ti máa ń ṣe, ó jẹ obì, wọ́n jọ pín owó ní ojú wa, òun àti ìyàwó bàbá rẹ̀ sì jọ fọwọ́ sí ìwé tí Tíṣà kọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, Tawfiq. Mo ti rà á. N kò bi ọ́, torí o kò ṣeé bi.

Kò dán. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìkókoré àná. Nígbà tí mẹkáníìkì sítáàtì rẹ̀, ó wúkọ́, ó tutọ́ èéfín dúdú, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, mo ní ẹ fi í sílẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń jí fún ìrun òwúrọ̀ nìyẹn, ó sì dìde lóòótọ́. N kò sanwó títí tó fi gbé wa láti Ìlárá gba Ìkẹ́nnẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa ní Màkún, èmi, Yésúfù, Tíṣà, Modúpẹ́, Hussainat, àkọ́bí náà, àti bàbá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í tì dáadáa, táyà méjì ti gbó, bírẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sì máa ń ronú díẹ̀ kó tó gbà. Mẹkáníìkì ní gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o má bàa sọ pé orí apẹ̀rẹ̀ ni mo fi hàn ọ́.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, akọ̀wé kan gbé fọ́ọ̀mù síwájú wa. Ó ní kí ni a fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà ṣe, akérò ni tàbí ti ara ẹni. Mo ní gbígbé. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ gbígbé sí. Mo ní ààyè ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní níbo ni ilé ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ní ọkọ̀ náà ni ilé rẹ̀. Ó ní níbo ni ọkọ̀ náà wá wà. Mo ní níwájú ilé, ó sọ bíírò sílẹ̀, ó lọ mu omi. Nígbà tó dé, ó ní èrò mélòó ni yóò máa gbé. Mo ní méjì, ṣùgbọ́n kó fi ààyè sílẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, wọn yóò di mẹ́ta lámọ̀ọ́dún. Títílọpẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ náà ń kà á.

Yésúfù ní kí a kọ orúkọ ẹbí sínú ìwé náà kó lè jẹ́ ti gbogbo wa. Mo ní rárá. Ilé tí gbogbo ẹbí bá ni, kò sẹ́ni tó ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, wo ògiri ilé ìwẹ̀ wa. Orúkọ rẹ ni mo ní kí wọ́n kọ, Tawfiq nìkan ṣoṣo, Yésúfù sì ti ń di ojú mọ́ mi láti ìgbà náà.

Nítorí náà, wá gbé ilé rẹ. Wá fúnra rẹ, má rán ẹnikẹ́ni, n kò ní fi kọ́kọ́rọ́ lé aṣojú lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì náà ti dí iwájú mọ́ṣáláṣí, léémọ̀mù sì ti kí mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà tí kò dùn mọ́ mi. Káfíńtà ti wá wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò wà, ó ní báwo ni ẹ ṣe tóbi tó, mo ní kó fi kún un. Mo ti sùn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó gbóná, kí ẹ wá nǹkan ṣe sí òrùlé. Apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́rìndínlógún ni mo ti kó sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí o bá tètè dé, n óò tètè kó wọn. Bí o bá pẹ́, wọn yóò pọ̀ sí i.

Owó tó ṣẹ́kù lára owó rẹ ti lọ sórí mẹkáníìkì àti ìwé. Fi owó ránṣẹ́ fún táyà méjì, fún bátìrì tuntun, àti fún epo dísù tó pọ̀. Fún Yésúfù ni kí o fi ránṣẹ́, má fi sí báńkì mi. Ra ìwé àti bíírò fún Tíṣà, eléyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Dísù tí mo ní kó pọ̀ yẹn, mo ní ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń ta gbàǹja fún àwọn Haúsá tó wà ní Sábó, tí wọ́n ń dì í lọ sí Kánò. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ fún mi pé ọjà kò tà ní Kánò, pé àwọn ará Kánò kò jẹ obì mọ́, ọdọọdún sì ni wọ́n ń padà wá rà púpọ̀ sí i. N kò dé Kánò rí. N kò wá ìgbafẹ́. Ibẹ̀ ni ilé rẹ yóò kọ́kọ́ lọ, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìndínlógún ọ̀hún náà ń bọ̀, mo fẹ́ dúró lọ́jà wọn kí n fi ẹnu ara mi béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ìyàwó rẹ lè máa dáná lẹ́yìn, mo gbọ́ pé sítóòfù yóò wà níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tí kò ní lé ọ jáde. Ibi tí o bá páàkì rẹ̀ sí, àwọn ará ibẹ̀ yóò fi ojú rere wò ọ́. Òkè kò ní da ẹrù rẹ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò sì ní já ìjánu rẹ. Ìwọ àti Títílọpẹ́ yóò gbó nínú rẹ̀, yóò kù díẹ̀ kí ẹ gbó tó bọ́ọ̀sì náà. Àmín.

Mo ti sọ fún káfíńtà, mo sì ń sọ ọ́ fún ìwọ náà: gbogbo àga yòókù ni kí ẹ yọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ni ín.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà,
Sàfúrátù.